Agolo, ike, ìgò àti ọ̀rá tó ti ṣófo: kí lẹ fi ń ṣe nílé?

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lánàá ni mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà nísàlẹ̀ ní kíṣìnnì, ohun tó ya jáde bò mí lẹ́sẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo kà wọ́n: agolo mílíìkì 23, agolo Mílò ńlá 2, kẹ́ẹ̀gì òróró 4, ike bọ́tà tí n kò lè ka iye rẹ̀ tán, ìgò jáàmù, ìgò ọtí tí àwọn àlejò mu níbi ìsọmọlórúkọ àwọn ìbejì, àpò ìrẹsì 3, àti ọ̀rá pure water tí mo ti ń kó jọ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá wọn ní kí n kó gbogbo rẹ̀ dànù kí ilé lè mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí mi kì í da agolo nù, ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ ọ, ó sì máa ń dùn mí láti ju ohun tó ṣì le koko. Ní àdúgbò wa, ọkọ̀ akólẹ̀ kì í tètè wá. Ohun tí a bá dà síta ni òjò ń gbá lọ sínú gọ́tà, gọ́tà á dí, omi á wọlé onílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ ti fọwọ́ ara yín ṣe tó sì ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ gbọ́. Mo ní àgbàlá díẹ̀, mo ní adìẹ 6, àwọn ọmọ mi sì ti pé ọdún 3.

Àgbẹ̀ Kòkó, Ìkirè

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má da ọ̀rá pure water yẹn nù rárá. Òun gan-an ló níye lórí jù lójú tèmi nínú gbogbo ohun tí ẹ kà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí n kò ti ra ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń tà fún ọmọ kòkó. Ọ̀rá pure water ni mo ń lò.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Màá fi síṣọ́ọ̀sì gé etí òkè rẹ̀ kúrò láti igun dé igun, kí ẹnu rẹ̀ lè ṣí dáadáa. Màá gé orí igun ìsàlẹ̀ méjèèjì díẹ̀, bí èékánná ọmọdé, màá tún fi ìṣó lu ihò 4 sí i lára nísàlẹ̀. Ẹ má fo ihò yìí o. Omi tí kò bá rí ọ̀nà jáde ni yóò jẹ́ kí gbòǹgbò rà. Ilẹ̀ dúdú ni mo ń pò mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà: igbá 3 ilẹ̀ sí igbá 1 ìgbẹ́. Ìgbẹ́ tútù máa ń jó irúgbìn, ẹ jẹ́ kó wà níbi òkìtì fún oṣù 2 tàbí 3 kí ooru inú rẹ̀ lọ ná. Tí mo bá ti rọ ọ́ sínú ọ̀rá, màá gbé e, màá gbá ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè kì, màá sì fi ìbú àtàǹpàkò kan sílẹ̀ lókè kí omi má baà máa ṣàn dànù.

Hóró kòkó kì í ṣe ohun tí à ń tọ́jú pamọ́. Ọjọ́ tí mo bá la pódì ni mo ń gbìn ín, torí kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ẹ̀mí inú rẹ̀ yóò ti lọ. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní ni mo ń gbin tèmi sínú ọ̀rá lábẹ́ ibòji imọ̀ ọ̀pẹ, tó bá di oṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà tí òjò ti múlẹ̀, màá lọ́ wọn sóko. Ẹni tó bá fẹ́ irú kòkó tó dára, kó lọ béèrè ní CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́, kó má kàn mú èyí tó bá rí lábẹ́ igi.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ní àgbàlá, ata àti tòmátì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Hóró 3 sínú ọ̀rá kan, tí wọ́n bá hù, ẹ fi èyí tó sanra jù sílẹ̀, ẹ fa ìyókù tu. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 wọ́n á tó lọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá máa lọ́ wọn, ẹ fi abẹ ya ọ̀rá náà látòkè délẹ̀, ẹ gbé irúgbìn jáde tòun ti ilẹ̀ tó dì mọ́ ọn, kí ẹ sì kó ọ̀rá náà kúrò lóko. Kì í jẹrà. Mo ṣì ń hú ọ̀rá tí bàbá mi fi sílẹ̀ nínú oko wa.

Ìyá Alámọ̀ín, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ẹ fi agolo mílíìkì yẹn sílẹ̀ fún mọ́ínmọ́ín! Mọ́ínmọ́ín alágolo ni mo fi tọ́ ọmọ 4 dé ilé-ìwé gíga. Ṣùgbọ́n ó ní bí a ti ń ṣe é.

Agolo tí wọ́n lu ihò 2 sí lórí kò wúlò fún un. Èyí tí a gé orí rẹ̀ kúrò pátápátá ni. Tí ẹ bá ti gé e tán, ẹ fi ìka wo etí rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má fà á. Ẹ dojú òòlù kékeré kọ ọ́, ẹ lu gbogbo etí tó ń mú náà wọ inú títí yóò fi tẹ́ mọ́ ara agolo. Tí ẹ bá yára kọjá ibi yìí, ẹ̀jẹ̀ ni ẹ máa fi pò mọ́ínmọ́ín. Ẹ fi ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn fọ̀ ọ́, ẹ sè é nínú omi híhó, ẹ dojú rẹ̀ dé kó gbẹ. Ẹ fi òróró pa inú rẹ̀ kí ẹ tó bu ẹ̀wà sí i, kí ẹ má sì bù ú kún. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ti tó, torí ó máa ń wú. Omi inú ìkòkò kò gbọdọ̀ ga dé ìdajì agolo, kó má baà máa ta wọ inú rẹ̀. Wákàtí kan, ó ti jinná.

Èyí tó bá ti dípẹtà, tàbí tí àwọ̀ inú rẹ̀ ti ń ṣí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má fi se oúnjẹ mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí mọ́ínmọ́ín sùn mọ́jú nínú agolo, ẹ tú u sínú abọ́.

Ti mọ́ínmọ́ín inú ọ̀rá ńkọ́? Ẹ fọwọ́ kan àyà kí ẹ dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé ó rọrùn, mo mọ̀ pé ewé ti wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí wọ́n fi ń di súgà àti gàrí, wọn kò ṣe é fún kí ó wà nínú omi híhó fún wákàtí kan. Tí mo bá ní alejò tí mo fẹ́ràn, ewé mọ́ínmọ́ín ni mo ń wá. Tí n kò bá rí ewé, agolo.

Ìyá Ewédú, Ìkọ̀tún, Èkó

Àgbẹ̀ Kòkó, ẹ ṣeun, mo ti kọ́ ọgbọ́n. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ti àpò ìrẹsì àti agolo Mílò, torí iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń ṣe fún mi.

Ilé tí mo ń gbé jẹ́ ojú-kojú, simẹ́ńtì ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, n kò ní ibi tí mo lè kọ ebè sí. Àpò ìrẹsì oníkílò 50 ni oko mi. Mo ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ sóde kó lè dúró. Mo da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀. Mo wá gé orí àti ìdí agolo Mílò ńlá kúrò kó di ihò gbọgbọrọ, mo gbé e sí àárín àpò, mo da òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, mo sì rọ ilẹ̀ tó ti pò mọ́ ajílẹ̀ yí i ká. Tí ilẹ̀ bá ti kún dé etí agolo, màá fa agolo náà sókè díẹ̀díẹ̀, òkúta á dúró sílẹ̀. Màá tún da òkúta sí i, màá tún rọ ilẹ̀ yí i ká, màá tún fà á sókè, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi dé òkè. Nígbà tí mo bá yọ agolo kúrò pátápátá, òpó òkúta kan á dúró ní àárín àpò láti ìdí dé orí. Ibẹ̀ ni mo ń da omi sí, omi á sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo gbòǹgbò. Nígbà tí n kò tíì mọ èyí, òkè nìkan ló ń tutù, ìsàlẹ̀ á gbẹ bí eérú.

Lára àpò ni mo ti fi ọ̀bẹ dá ojú wẹ́wẹ́ sí, ìbú ọwọ́ kan sí ara wọn, kí wọ́n má tò léra gbọọrọ. Ojú yẹn ni mo ń fi tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sí. Orí àpò ni ata àti tòmátì. Oòrùn máa ń jẹ àpò náà, tó bá ti ń ya fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó tó máa já sínú ilẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí a jẹ lọ́jọ́ Àìkú, ara àpò 2 ló ti wá.

Nọ́ọ̀sì, Abẹ́òkúta

Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló dára. Èmi fẹ́ sọ èyí tí kò dára, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ní ilé-ìwòsàn kan nígbà tí ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wọlé. Ọmọ ọdún 2. Ó ń wú ikọ́ léraléra, èémí rẹ̀ ń ké, òórùn kẹrosíìnì gba gbogbo yàrá. Inú ìgò ẹlẹ́rìndòdò ni kẹrosíìnì wà, lábẹ́ tábìlì. Ọmọ rí ìgò tó mọ̀, ó gbé e mu. Aládùúgbò ti fún un ní epo pupa kó lè bì í jáde. Èébì yẹn ló mú kẹrosíìnì náà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Torí náà, ohun tí kì í ṣe mímu kò gbọdọ̀ wọ inú ìgò tí ọmọdé mọ̀ sí ìgò mímu. Kì báà ṣe kẹrosíìnì, jíìkì, omi bátìrì, tàbí oògùn eku. Àní bí ẹ bá lẹ ìwé mọ́ ọn, ọmọ ọdún 3 kò mọ̀ ọ́n kà. Tí ó bá ṣẹlẹ̀ (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), ẹ má fún un ní epo, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má fi ìka bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn kíákíá, ẹ mú ìgò náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó mu.

Òdì kejì rẹ̀ náà wà. Kẹ́ẹ̀gì tí oògùn apakòkòrò tàbí oògùn igbó ti wà nínú rẹ̀ rí, bí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ṣeé bu omi sí, kò ṣeé bu òróró sí. Ara ike ti fà á mu. Ẹ lu ú ní ihò kí ẹlòmíì má baà ṣà á, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Nọ́ọ̀sì, àyà mi já. Mo dìde nídìí ohun tí mò ń kà, mo lọ wo abẹ́ sítóòfù mi. Kẹrosíìnì wà nínú ìgò níbẹ̀. Mo ti dà á sínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, mo gbé e sókè. Ẹ ṣé o, Ọlọ́run ó máa bá yín ṣọ́ àwọn ọmọ yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ti ike bọ́tà àti kẹ́ẹ̀gì òróró ńkọ́? Ẹnìkan sọ fún mi pé nọ́ńbà kan wà ní ìdí wọn.

Tísà Kẹ́mísírì, Ìjẹ̀bú-Òde

Òótọ́ ni, mà. Ẹ yí ike náà dojú dé. Ẹ máa rí ọfà mẹ́ta tó yí po, nọ́ńbà kan wà láàárín. Ìgò omi àti ìgò ẹlẹ́rìndòdò, 1 ni. Ó dára fún ohun tútù àti ohun gbígbẹ: ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, iyọ̀. Tí ẹ bá da omi gbígbóná sí i, á súnkì lójú yín, ìyẹn nìkan ti sọ fún yín pé kì í ṣe tirẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì òróró sábà máa ń jẹ́ 2, ó nípọn, ó ń pẹ́. Púpọ̀ nínú ike bọ́tà àti ike tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fúnni nílé oúnjẹ jẹ́ 5, òun ló fara da ooru jù nínú àwọn tí à ń rí. 3 àti 6, ẹ má fi wọ́n gbé oúnjẹ pamọ́. Fóòmù funfun tí wọ́n ń bu ìrẹsì sí, 6 ni. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin dè é ní oṣù Kìíní ọdún 2024.

Síbẹ̀, bó jẹ́ 5, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ tutù kí ẹ tó bù ú sí i. Ike tí kàn-ìn-kàn-ìn onírin ti ha nínú, ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sínú ojú híha yẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ti oúnjẹ, ẹ fi kó bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́. Àbàwọ́n pupa tí ọbẹ̀ ata fi sílẹ̀, ẹ fọ ike náà, ẹ ṣí i sílẹ̀ sínú oòrùn fún ọjọ́ 1 tàbí 2, á ṣí.

Ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí ọmọrí. Nílé wa, ọmọ àbúrò mi ṣí ike áísìkírímù nínú fìrísà, ẹ̀gúsí ló bá. Ó sunkún dọ́kàn.

Onígò tẹ́lẹ̀, Mushin

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo ìgò ni kí ẹ gbé pamọ́. Mo bá ìyá mi ta ìgò fún ọdún 11. Ìgò tó bá ti ju 10 lọ, ẹ tà á. Ìyá onígò máa ra onígíláàsì, àwọn tó ń kọrin "kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù" máa ra agolo àti irin, àwọn tó ń ra ike sì wà káàkiri báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ tú u sọ́tọ̀: ike sí ike, agolo sí agolo, ìgò sí ìgò. Ẹrù tó bá dàrú, owó rẹ̀ á já wálẹ̀. Ní Ajégúnlẹ̀, ilé-ìwé kan wà, Morit International School, tó ti ń gba ìgò ike lọ́wọ́ òbí sí orí owó ilé-ìwé ọmọ. Ẹni tó bá rò pé pàǹtírí ni, kó lọ bi àwọn òbí yẹn.

Bí ẹ ṣe máa bó ìwé tó lẹ̀ mọ́ ìgò: ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ mọ́jú. Gọ́ọ̀mù tó bá kù, ẹ fi òróró díẹ̀ àti eérú rà á lọ́wọ́. Á lọ kanlẹ̀. Ìgò tí ẹ fẹ́ fi ta adí àgbọn tàbí ẹ̀pà, tí òórùn ohun àtijọ́ bá ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ má tàn án jẹ, kò tíì mọ́.

Ọmọ Kétu, Bẹ̀nẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu kan kún ti onígò. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ máa rí bẹntiróòlù nínú ìgò gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n tò ó sórí tábìlì, "kpayo" là ń pè é. Ìgò ọtí ni, ìgò òróró ni, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àwọn ìgò yẹn náà máa ń padà sọ́jà. Torí náà ẹni tó bá ń ra àlòkù ìgò láti fi ta oyin tàbí epo, kó ṣí ẹnu rẹ̀, kó gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, kó sì béèrè ibi tó ti ń bọ̀.

Bàbá Adìẹ, Ọ̀yọ́

Ìyá Ìbejì, o ní o ní adìẹ 6. Mú kẹ́ẹ̀gì òróró kan wá.

Fọ̀ ọ́ títí òróró á fi kúrò nínú rẹ̀. Fi ìṣó gbígbóná lu ihò kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, kó fi ìbú ìka kan ga ju ìdí lọ. Wá àwo pẹrẹsẹ tó fẹ̀ ju ìdí kẹ́ẹ̀gì lọ, tí etí rẹ̀ ga ju ibi ihò yẹn. Ìdí korobá ọ̀dà kò ṣeé lò, torí ọ̀dà. Gé ìdí kẹ́ẹ̀gì mìíràn tó tóbi jù ú lọ. Fi ìka dí ihò, bu omi kún kẹ́ẹ̀gì, dé e pinpin, gbé e sínú àwo, kí o tó yọ ìka. Omi á ṣàn jáde títí á fi bo ihò, á sì dúró fúnra rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọlé mọ́. Bí adìẹ bá ṣe ń mu ún tí omi àwo ń fà, ihò á yọjú, afẹ́fẹ́ á wọlé, omi mìíràn á jáde. Tó bá ń ṣàn láì dúró, ọmọrí rẹ ló ń jò. Wá èyí tó le, tàbí kí o fi ọ̀rá tẹ́ inú ọmọrí. Àwọn òròmọdìẹ kò ní rì sínú rẹ̀, wọn kò sì ní lè fi ẹsẹ̀ da omi nù. Fọ àwo náà ní àràárọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan nípa páálí ẹyin, èyí tó ń gba ẹyin 30: má gba àlòkù rẹ̀ láti oko ẹlòmíì wọ ibi adìẹ rẹ. Àrùn adìẹ máa ń bá a rìn. Ya á wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kó o pò ó mọ́ ajílẹ̀, á jẹrà.

Wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì, Adó-Èkìtì

Mo ti kà á látòkè. Ẹ kú làákàyè. Ọdún 30 ni mo fi ń wọ ilé onílé, ohun tí mo sì ń wá kì í ṣe pé ilẹ̀ kò mọ́ nìkan. Omi tó dúró sínú agolo ni mo ń wá.

Ẹ̀fọn kan wà tó ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀, ojúmọmọ ló ń jẹ èèyàn, òun ló ń gbé ibà pọ́njú kiri. Kò nílò irà. Ìwọ̀nba omi òjò tó wà ní ìdí agolo mílíìkì ti tó o. Láàárín ọjọ́ 7 sí 10, ẹyin rẹ̀ ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Ẹyin náà máa ń lẹ̀ mọ́ ara agolo lókè omi, bí agolo bá sì gbẹ, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù de òjò tó ń bọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá da omi rẹ̀ nù láì fi kàn-ìn-kàn-ìn ha inú rẹ̀, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ohun tí ẹ bá ń kó jọ, ẹ kó o sábẹ́ òrùlé, ẹ dojú rẹ̀ dé. Èyí tó bá máa wà níta, ẹ lu ihò sí i. Ẹ ṣe àyẹ̀wò àgbàlá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú àwo omi adìẹ.

Ẹ má sì fi ọ̀rá dá iná èédú. Mo mọ̀ pé ó ń yára mú. Èéfín rẹ̀ ń wọ ọbẹ̀ yín, ó ń wọ àyà ẹni tó ń fẹ́ iná. Ẹ fi ẹ̀ka gbígbẹ tàbí èèpo àgbọn dá a.

Àǹtí Peckham, London

Ẹ kú àtijọ́. Ìgò jáàmù yẹn ni mo fi ń tọ́jú ata díndín níbí. Mo ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ń tò ó sínú ààrò oníná ní 140°C fún ìṣẹ́jú 15, tí mo bá sì ti bu ata gbígbóná sí i nígbà tí ìgò náà ṣì gbóná, kì í là. Ata gbígbóná nínú ìgò tútù ló ń la ìgò. Èyí tí mo bá máa gbé sí fìrísà, mo ń fi ìbú ìka 2 sílẹ̀ lókè, torí omi máa ń wú tó bá dì. Ìgò tí ọrùn rẹ̀ fún ju ara rẹ̀ lọ máa ń fọ́ nínú yìnyín, èyí tó gún régé látòkè délẹ̀ ni kí ẹ lò.

Bàbá Àgbà, Ìlá Ọ̀ràngún

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti gbàgbé àwọn ìbejì ọmọ ọdún 3 yẹn.

Nígbà tiwa, agolo mílíìkì ni a fi ń ṣe fìtílà, agolo sìgá ni wọ́n fi ń wọn ìrẹsì, kódà títí di òní, agolo tòmátì Dérìcá ṣì ni ìwọ̀n lọ́jà. Agolo tí wọ́n dá ojú sí lórí ni kóló mi. Ọjọ́ tí a fọ́ ọ ni mo kọ́kọ́ ra bàtà fúnra mi. Agolo sàdíìnì ni mọ́tò wa. A máa ń gé táyà rẹ̀ lára sálúbàtà tó ti já, a ó fi igi kọjá láàárín rẹ̀, a ó so okùn mọ́ ọn níwájú, a ó sì wà á lọ sódò.

Èyí tó dùn jù lọ ni tẹlifóònù. Ìyá Ìbejì, mú agolo 2 tí o ti lu etí wọn bí Ìyá Alámọ̀ín ṣe sọ. Lu ihò kan sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ki òwú gígùn bọ̀ ọ́ láti agolo kan sí èkejì, kí o ta á ní kókó nínú kó má baà fà yọ. Kí Táyé mú ọ̀kan lọ sẹ́yìn ilé, kí Kẹ́hìndé di èkejì mọ́ etí. Òwú náà gbọ́dọ̀ fà le, kò sì gbọdọ̀ kan ògiri. Tó bá dẹ̀, wọn kò ní gbọ́ nǹkan kan. Tó bá le, bí Táyé bá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, Kẹ́hìndé á gbọ́ ọ.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, oṣù kan ti kọjá, mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Agolo 8 ni mo fi se mọ́ínmọ́ín, bàbá wọn jẹ 3. Agolo 2 ni tẹlifóònù. Àwọn ọmọ kò jẹ́ kí n sinmi, èmi ni wọ́n ń fi pè láti yàrá. Mo ta ìgò ọtí, mo fi owó rẹ̀ ra oúnjẹ adìẹ. Kẹ́ẹ̀gì omi adìẹ kọ́kọ́ ń jò, ọmọrí ni lóòótọ́, mo fi ọ̀rá tẹ́ inú rẹ̀, ó dúró. Àpò ìrẹsì 2 ti ń hu tẹ̀tẹ̀, ẹ̀kẹta ni mo fi kó àwọn ike tí mo fẹ́ tà.

Àgbẹ̀ Kòkó, ọ̀rọ̀ yín ni mo gbé wá báyìí. Ata inú ọ̀rá dára gan-an. Ṣùgbọ́n tòmátì ga fíofío, ó tín-ín-rín, ó sì ń wó. Mo to gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé lábẹ́ òrùlé kí òjò má baà lù ú. Ṣé mo ti pa wọ́n ni?

Àgbẹ̀ Kòkó, Ìkirè

Ẹ kò pa wọ́n, mà. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ẹ gbé wọn síbi tí oòrùn àárọ̀ máa ń dé, wákàtí 2 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ máa fi kún un lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ẹ lọ́ wọn. Tòmátì kò dà bí ata: bí ẹ bá fi igi rẹ̀ sínú ilẹ̀ títí dé abẹ́ ewé àkọ́kọ́, gbòǹgbò á yọ lára igi tó wà nínú ilẹ̀ yẹn, á sì dúró gírígírí. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é, kí wọ́n lè rí òru sinmi kí oòrùn tó là. Kí ẹ ranti ya ọ̀rá kúrò.